Ìlù Kì í Ṣàkóso Ara Rẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní abẹ́ afárá Sàngó-Ọ̀tà ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí èrò bí ẹni rí eṣú. Wọn a máa ti Ìjókò bọ̀, wọn a máa ti Ojú-Òre bọ̀, wọn a máa ti Ìyánà-Ìyẹsí bọ̀. Olúkúlùkù ń sáré kí géètì kọ́ńpìnì má baà tì mọ́ ọn síta. Ní àgbègbè yìí ni a ti ń yọ́ irin, tí a ti ń po oògùn, tí a ti ń ṣe ike, tí a sì ti ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá. Láàrin èrò náà ni a óò ti rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí aṣọ iṣẹ́ wọn ṣì ń dán, tí ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan sì wà ní abíyá wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Wọ́n wá ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní I.T.: wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

N kò ní bú ètò náà, nítorí pé ó dára. Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí a mọ̀ sí I.T.F. sílẹ̀ láti bójú tó ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́, ní ọdún 1973 ni àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ ètò fífi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí ẹnu iṣẹ́. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ka ìwé nípa ẹ̀rọ, tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń fi ẹnu lásán wẹ odò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀ ronú dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́. Abẹ́ afárá kan náà ni, àwọn ọ̀dọ́ kan náà ni. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ wọn ni ó yí padà. Ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ajé ti gbé àpótí dúdú kọ́ èjìká, fayolíìnì ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń wọn oògùn sínú ìgò ti di fèrè idẹ mú. Ilé ìsìn ni wọ́n ń lọ, níbi tí wọn yóò ti jókòó ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí wọn yóò máa wo ìwé orin, tí wọn yóò sì máa tẹ̀lé ọwọ́ adarí wọn. Ọ̀tà Ìganmọ̀dẹ, ìlú àwọn Àwórì, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Egúngún, ti di ìlú olóhun-èlò orin ìgbàlódé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lu agogo kéde rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí a ń fi ránṣẹ́ kọ́ṣẹ́ káàkiri, ta ni a fi ránṣẹ́ rí láti lọ kọ́ bí a ti ń ṣàkóso ọ̀kẹ́sítírà? Mo ní ṣíṣàkóso. N kò sọ pé fífọn, n kò sọ pé títa, n kò sọ pé dídarí pẹ̀lú ọ̀pá. Ta ni ó kọ́ bí a ti ń mú kí àgbájọ àádọ́ta olóhun-èlò wà láàyè láti ọdún dé ọdún? A ti kọ́ àwọn tí ń lu ìlù. A kò kọ́ ẹni tí yóò máa ṣe ilé ìlù. Ohun tí mo wá jà fún nínú àròkọ yìí ni pé iṣẹ́ àkóso yìí jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́, pé lẹ́nu iṣẹ́ ni a ti ń kọ́ ọ, àti pé kì í ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo. Bí a kò bá gba èyí, gbogbo ọ̀kẹ́sítírà tí a bá dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò máa hù bí olú ní àárọ̀, yóò sì máa rà ní alẹ́.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó pa ọ̀kẹ́sítírà kan rí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé èmi pàápàá jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Àwa díẹ̀ ní àgbègbè yìí ni a kó ara wa jọ. Ọlọ́lá kan ra ohun-èlò fún wa: fayolíìnì mẹ́wàá, sẹ́lò méjì, fèrè igi àti ti idẹ. A rí adarí orin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó wá kan ẹni tí yóò ṣàkóso, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹnu gbogbo wa: kí a ṣáà mú ẹni tí kì í jalè. A mú un. Olóòótọ́ ènìyàn ni. Títí di òní, kọ́bọ̀ kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá olóòótọ́ yìí kò mọ̀ pé okùn fayolíìnì a máa já, pé ó sì yẹ kí a ti ra òmíràn sílẹ̀ kí ó tó já. Ó fi ìdánrawò sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àkókò gan-an tí àwọn kọ́ńpìnì ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀sán sí ti òru, tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò sì há gádígádí. Kò yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé orin. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣeré, ìwé àwọn olùta fayolíìnì kejì kò sí mọ́. Ó gba gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kò bèèrè irú àga tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, àga alápá ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ń ta sẹ́lò kò sì lè jókòó sínú àga alápá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́ta nínú àwọn tí ń fọn fèrè idẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn láti tọrọ àyè. Àwọn àlejò jókòó, wọ́n ń wo àga òfìfo. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí a fi ti ilẹ̀kùn yàrá ohun-èlò pa. Ooru ti la igi àwọn fayolíìnì náà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣì wà lọ́wọ́ bàbá olóòótọ́ títí di ìsinsìnyí.

Kò sí olè kankan nínú ìtàn yìí. Àìmọ̀ ni ó kó wa ní ẹrù lọ. Àwa tí a yàn án ni a ṣẹ̀ ẹ́, nítorí pé a gbé iṣẹ́ tí a kò kọ́ ọ lé e lọ́wọ́, a sì retí pé ìwà rere yóò ṣe iṣẹ́ tí ìmọ̀ ń ṣe.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé alákòóso ni ẹni tí ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú eré ni alákòóso àti adarí yóò ti jọ jókòó láti yan orin. Adarí ń ro bí orin yóò ti dùn. Alákòóso ń ro iye olóhun-èlò tí ó gbà, bóyá ìwé rẹ̀ wà ní títà tàbí yíyá ni a óò yá a, bóyá olórin náà tàbí ìdílé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tí a gbọ́dọ̀ san owó fún. Òun ni yóò kọ ètò ìnáwó, tí yóò sì mọ̀ pé owó ìwọlé nìkan kò lè bọ́ ọ̀kẹ́sítírà láéláé. Èyí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Bákan náà ni ó rí ní Lọ́ńdọ̀nù àti Níú Yọ́ọ̀kì. Nítorí náà, yóò wá olówó tí yóò dúró ti ẹgbẹ́, yóò mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ pé rárá, kí olówó má baà di adarí orin. Yóò ṣètò ọkọ̀, yóò ṣètò iná, yóò sì ní jẹnẹrétọ̀ tí ariwo rẹ̀ kò ní bo fèrè mọ́lẹ̀. Yóò parí ìjà láàrin ẹni tí ó jókòó sí àga àkọ́kọ́ àti ẹni tí ó rò pé òun ni àga náà tọ́ sí. Yóò san owó olúkúlùkù ní ọjọ́ tí ó dá. Lẹ́yìn èyí, bí eré bá dùn, adarí ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún. Ǹjẹ́ ẹ̀yin rò pé a lè bí iṣẹ́ báyìí mọ́ ènìyàn?

Ẹni tí ó bá sọ pé ìdí tí a kò fi ní ọ̀kẹ́sítírà káàkiri ni pé a kò ní olórin, ó purọ́ mọ́ wa. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips jókòó sí ìdí dùùrù Ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Kírísítì ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ọwọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré. Ṣówándé yìí ni ó kọ African Suite ní ọdún 1944, òun náà ni ó sì kọ Folk Symphony fún ayẹyẹ òmìnira wa ní ọdún 1960. Ayọ̀ Bánkọ́lé tẹ̀lé e, Akin Euba náà tẹ̀lé e. Ọkùnrin wọ̀nyí kọ orin tí ayé ń gbọ́. Apá kan nínú African Suite, tí a ń pè ní Akinla, di orin tí àwọn ará Kánádà fi mọ ètò orin kan lórí rédíò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ará Kánádà tí kò mọ Ọ̀yọ́, tí kò mọ Abẹ́òkúta, ń fi imú kọ orin ọmọ Yorùbá bí ó ti ń wa mọ́tò lọ. Ní Sàngó-Ọ̀tà ńkọ́? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá. Orin kò sì lè dún láti inú ìwé; àgbájọ ni ó ń mú un dún, àkóso ni ó sì ń mú àgbájọ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì, kí ó wo ibi tí nǹkan ti dúró. Ní Èkó, àwọn olùfẹ́ orin dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀ ní ọdún 1983. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní 1989. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn. Láti ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ MTN sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dípúlọ́mà ibẹ̀ lọ́wọ́ nípasẹ̀ àjọ ìtọrẹ rẹ̀. Kí ni àṣírí wọn? Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé orin nílò ilé, ilé nílò owó, owó sì nílò ẹni tí ó mọ bí a ti ń wá a àti bí a ti ń ná an. Ọ̀nà Èkó sí Ọ̀tà kò jìn. Ohun tí ó jìn ni ìmọ̀ tí kò rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọn yóò ní, ṣebí Ogúnńdé kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àkóso kankan? Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, nítorí pé ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni. Hubert Ogúnńdé ará Ọ̀ṣọ̀ṣà fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, ó sì mú un rìn káàkiri títí tí ó fi kú ní 1990. Òun ni òǹkọ̀wé, òun ni olórin, òun ni akápò, òun ni alákòóso. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ni ó fẹ́ níyàwó, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ náà má túká. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n àkóso ni, ẹni tí ó bá sì ti rí i kí òṣèré tí a kọ́ di ògbólógbòó tán kí ó sì sá lọ yóò mọ ohun tí ó ń ṣe ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí kò ní ju orí kan lọ ni. Ìmọ̀ tí ó fi ọdún 45 kó jọ bá a wọ ilẹ̀. Kò sí akọ́ṣẹ́-àkóso tí a fi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìta fún oṣù mẹ́fà kí ó lọ fi ohun tí ó rí tún ẹgbẹ́ mìíràn ṣe. Ènìyàn ńlá ni a ní. A kò ní ọ̀nà tí ìmọ̀ ènìyàn ńlá fi ń ré kọjá sí ara ẹlòmíràn.

Ẹ wo Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní ìdà kejì. Ọ̀gá ni òun náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti gbajúmọ̀, síbẹ̀ ní ọdún 1962 ó gbà láti lọ lo oṣù díẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí ó jáde láti ibẹ̀ ní 1963 ni eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, èyí tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá lè di ọmọ iṣẹ́ kí ó sì jèrè rẹ̀, kí ni ó ń dí àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá lọ́wọ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn ọ̀kẹ́sítírà ilẹ̀ náà pọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1942, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1980. Nígbà tí ètò náà ń lọ lọ́wọ́, wọn a yan ọ̀dọ́ díẹ̀ tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ àkóso, wọn a sì fi olúkúlùkù sí ọ̀dọ̀ ọ̀kẹ́sítírà kan fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn èyí wọn a mú un kúrò, wọn a fi í sí ọ̀dọ̀ òmíràn, títí tí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Kí ni wọ́n fi ń gbé e kiri? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òwe wa: bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní ọ̀kẹ́sítírà olówó nìkan yóò rò pé owó ni ojútùú ohun gbogbo. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní ti ìlú kékeré nìkan yóò rò pé ìṣẹ́ ni àdámọ́ orin. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó jẹ́ òfin iṣẹ́ náà àti ohun tí ó kàn jẹ́ àṣà ọ̀gá rẹ̀.

Bí a bá bi mí pé ibo ni kí ọmọ Ọ̀tà lọ, mo ní ìdáhùn. Kí ó kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta ní MUSON ní Èkó, kí ó wo bí gbọ̀ngàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀kẹ́sítírà ti ń gbé ara wọn ró lábẹ́ òrùlé kan. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí Àkírà. Nkrumah ni ó dá ọ̀kẹ́sítírà ìjọba Gánà sílẹ̀ ní ọdún 1959, tí Philip Gbeho sì jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́sítírà náà kò bá a lọ. Níbẹ̀ ni ọmọ wa yóò ti kọ́ ohun tí àpò ìjọba lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Láti ibẹ̀, kí ó kọjá sí Kinshasa. Ní ọdún 1994, Armand Diangienda, ọmọ-ọmọ Simon Kimbangu, ẹni tí ó ti jẹ́ awakọ̀ òfurufú, dá ọ̀kẹ́sítírà sílẹ̀ láàrin ìjọ Kimbangu. Ohun-èlò kò tó. Àwọn olórin a máa pín fayolíìnì kan lò. Iná a máa lọ láàrin orin. Síbẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n sì dé òkèèrè. Kí ọmọ tí ilé ìsìn Ọ̀tà tọ́ dàgbà lọ wo bí ilé ìsìn mìíràn ti ṣe é.

Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí Manchester. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ìlú náà. Kì í ṣe nítorí ọlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kọ́ńpìnì ni, bí i ti wa. Òwú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èéfín sì bo ojú ọ̀run wọn ju bí ó ti bo ti Sàngó lọ. Ní ọdún 1858, ní àárín èéfín yẹn, ni Charles Hallé, ọmọ Jámánì, dá ọ̀kẹ́sítírà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Hallé ti kú, ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì òwú sì ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́sítírà wọn ń ṣeré títí di òní. Àwọn tí ń sọ pé ìlú iṣẹ́ kò ní àyè fún orin gíga kò mọ ìtàn. Pittsburgh ìlú irin ni, Birmingham ìlú irin ni, méjèèjì ni ó ní ọ̀kẹ́sítírà tí ayé mọ̀.

Ṣùgbọ́n ibùdó ìkẹyìn, tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò, kò jìnnà sí ilé. Kí ọmọ náà padà wá sí Ọ̀tà, kí ó lọ jókòó lẹ́bàá àwọn tí ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyálàṣẹ̀ ni olórí níbẹ̀, Bàbálàṣẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe agbẹ́gi, wọn kì í ṣe ẹni tí ń jó nínú aṣọ. Àwọn ni ó ń rí i pé agbẹ́gi, onílù, akọrin Ẹ̀fẹ̀ àti oníjó pàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ohun gbogbo sì wà ní ipò rẹ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe àkóso? Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Agbo àwọn tí ń ṣe é ti ń rí sí i láti ìran dé ìran, láìní gbọ̀ngàn, láìní ìwé owó ìwọlé. Ẹni tí ó bá lọ sí Manchester tí kò dé agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò padà wá pẹ̀lú ìmọ̀ tí kò ní gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá mọ agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan yóò ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ti ń yá ìwé orin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Èkínní ní: orin òyìnbó ni, kí ni ó kàn wá? Mo bi í: ọwọ́ ta ni ẹ̀rọ tí ó wà ní àwọn kọ́ńpìnì wa ti wá, tí ẹ kò fi sọ pé kí a má kọ́ ọ? Ṣówándé kò bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó fi ohùn ilẹ̀ wa sí ẹnu fayolíìnì. Àti pé ìmọ̀ àkóso kò ní àwọ̀. Ẹgbẹ́ dùndún tí ó ní ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìṣaájú, kànnàngó àti gúdúgúdú nílò ẹni tí yóò kọ ìwé àdéhùn fún un, tí yóò sì gba owó rẹ̀ kí ó tó gun mọ́tò, bí ọ̀kẹ́sítírà ti nílò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àṣà wa ni ẹ ń gbà là, mélòó nínú ẹgbẹ́ onílù wa ni ẹ ti kọ́ ẹnìkan láti ṣàkóso?

Èkejì ní: ebi ń pa ará ìlú, orin wo ni ẹ ń wí? José Antonio Abreu dá a lóhùn kí n tó dá a lóhùn. Ọ̀mọ̀wé nínú ètò ọrọ̀ ajé ni, olórin sì ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1975 ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀kẹ́sítírà fún àwọn ọmọ tálákà ní Fẹnẹsúẹ́là, ó sì dàgbà di ohun tí orílẹ̀-èdè mìíràn ń wò kọ́ṣe. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó mọ orin tí ó sì mọ ìṣirò owó ni ó lè ṣe é. Ebi kì í ṣe ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ọmọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, n kò sì ní fi ẹnu gbá a dànù. Ó ní: bí ẹ bá fi ọmọ ránṣẹ́ sí Manchester, kò ní padà. Òótọ́ ni pé àwọn kan kò ní padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ tí kò bọ̀, ta ni ó pa àga mọ́ dè é? Ìwé àdéhùn dára, kí a ṣe é. Ohun tí ó ju ìwé àdéhùn lọ ni kí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ ti wà nínú ètò ìnáwó, kí ó mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti lọ pé ọ̀kẹ́sítírà kan ń retí òun. A kì í rán ènìyàn lọ ra epo láìní ìgò, kí a tún wá máa bú u pé kò gbé epo bọ̀.

Nítorí náà, mo ń bá àwọn kan wí. Ẹ̀yin ọ̀gá kọ́ńpìnì Ọ̀tà àti Àgbárá, ẹ ń gbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ sínú ilé-iṣẹ́ yín lọ́dọọdún. Ẹ san owó ìkọ́ṣẹ́ ọmọ méjì nínú iṣẹ́ àkóso orin. Kò ní gbọn yín lápò. Ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ dẹ́kun fífi ipò àkóso orin ta ẹni tí ó pẹ́ nínú ìjọ lọ́rẹ. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n àdúrà kì í pààrọ̀ okùn fayolíìnì. Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Covenant, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, àti ní Yunifásítì Bells, tí ó tẹ̀lé e ní 2005, Ọ̀tà yìí ni ẹ wà. Ẹ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó àti ti àkóso tí fayolíìnì wà nínú yàrá wọn. Ẹ jẹ́ kí oṣù ìkọ́ṣẹ́ díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ti ilé orin. Ẹ̀yin I.T.F., ẹ rántí pé iṣẹ́ ni orin, ilé-iṣẹ́ sì ni ọ̀kẹ́sítírà: ó ní òṣìṣẹ́, ó ní ohun-èlò, ó ní ọjà tí ó ń tà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ fẹ́ ra ohun-èlò fún ẹgbẹ́ tuntun, ẹ dá ìdajì owó náà dúró. Ẹ fi kọ́ ènìyàn kan ná.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ yìí, mo lọ bá bàbá olóòótọ́ wa pé kí ó ṣí yàrá náà fún mi. Ó ṣí i. A jọ gbé àwọn àpótí náà sí ìmọ́lẹ̀. Mẹ́rin nínú fayolíìnì mẹ́wàá ṣì lè dún bí a bá tún wọn ṣe. Bàbá náà wò wọ́n títí, ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnìkan wà tí ì bá ti kọ́ mi ni?” N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé mi ni mo fi ìbéèrè náà lé lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀, ohun-èlò mẹ́rin wà nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè ta wọ́n yóò kọjá lábẹ́ afárá Sàngó ní ọ̀la. Ẹni tí yóò mọ bí a ti ń so wọ́n pọ̀ ni a kò tíì rán níṣẹ́.